Type 10 àti Type 90 nínú War Thunder: Ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ fi táǹkì Jàpáànù jagun

Ìbéèrè tí àwọn tó ń gbá War Thunder, géèmù tí a fi ń ja ogun táǹkì, máa ń bi mí lemọ́lemọ́ nípa táǹkì ilẹ̀ Jàpáànù, Type 10 pàápàá, ni mo kó jọ síbí, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i kà. N kò ní í fi èrò mi pamọ́: rìfáàsì ni agbára táǹkì yìí. Ẹni tó bá ń wà á bí ẹní wa táǹkì Rọ́ṣíà, tó ń kọrí síwájú lọ pàdé ọ̀tá, kò ní í gbádùn rẹ̀ láéláé.

Táǹkì wo gan-an là ń sọ?

Mẹ́ta ni: Type 74, Type 90 àti Type 10. Iléeṣẹ́ Mitsubishi Heavy Industries ló ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Jàpáànù, nọ́ńbà tó wà lára orúkọ wọn sì ń tọ́ka sí ọdún: 1974, 1990, 2010. Type 74 wúwo tó tọ́ọ̀nù 38, ìbọn mìlímítà 105 ló gbé, èèyàn mẹ́rin ló ń wọ inú rẹ̀. Type 90 tó tọ́ọ̀nù 50, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní agbára ẹṣin 1,500, ìbọn rẹ̀ di mìlímítà 120, èèyàn inú rẹ̀ sì dín kù sí mẹ́ta torí pé ẹ̀rọ ló ń ki ọta. Type 10 tún padà fúyẹ́: tọ́ọ̀nù 44, agbára ẹṣin 1,200, ìbọn mìlímítà 120, èèyàn mẹ́ta.

Type 10 ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo máa sọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan àwọn méjì yòókù, n óò dárúkọ wọn.

Kí ló dé tí èyí tó jẹ́ tuntun fi kéré ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ?

Mo fẹ́ràn ìbéèrè yìí ju gbogbo èyí tó kù lọ, torí pé ìdáhùn rẹ̀ ló fi bí a ṣe ń gbá táǹkì náà hàn. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Type 90, Soviet ni wọ́n ń bẹ̀rù. Erékùṣù Hokkaido ló sún mọ́ Rọ́ṣíà jù, ibẹ̀ ni wọ́n sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú Type 90 sí. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ fẹ̀, táǹkì ńlá ráyè rìn. Ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ sí àwọn erékùṣù yòókù, Honshu, Shikoku tàbí Kyushu: òkè ló kún ibẹ̀, ọ̀nà há, odò pọ̀, afárá kò lóǹkà, ọ̀pọ̀ nínú afárá náà kò sì lè gbé ẹrù tọ́ọ̀nù 50. Ìṣirò tí àwọn ará Jàpáànù ṣe ni pé táǹkì tọ́ọ̀nù 44 lè kọjá lórí afárá 84 nínú ọgọ́rùn-ún, Type 90 lè kọjá lórí 65, táǹkì àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tó lé ní tọ́ọ̀nù 60 kò lè kọjá ju bíi 40 lọ.

Nígbà tí Soviet tú ká ní 1991, ọ̀rọ̀ ààbò kúrò ní ti Hokkaido nìkan. Táǹkì tó lè dé gbogbo erékùṣù ni wọ́n ń wá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gé ìwúwo kúrò, tí wọ́n sì ṣe irin ààbò rẹ̀ bí ohun tó ṣeé tú kúrò, tó ṣeé dè padà. Bí wọ́n bá tú u dànù, ó kù bíi tọ́ọ̀nù 40. Bí wọ́n bá dè é kún, ó di 48. Ní oṣù Kejì ọdún 2008 ni wọ́n kọ́kọ́ fi àpẹẹrẹ rẹ̀ han àwọn oníròyìn ní Sagamihara. Ní 2012 ló wọ iṣẹ́ ológun.

Ẹ fojú inú wo irú ogun tí wọ́n ń múra sílẹ̀ fún. Ilẹ̀ tiwọn ni, wọn kò lọ gba ilẹ̀ ẹlòmíì. Ọ̀tá ló ń bọ̀ láti etí òkun, àwọn ló sá pamọ́ sẹ́yìn òkè. Wọ́n á yìnbọn, wọ́n á fà sẹ́yìn, wọ́n á lọ dúró síbòmíì, wọ́n á tún yìn. Fún irú ogun bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún un ní jíà tó lè mú un sá kìlómítà 70 ní wákàtí kan síwájú, tó sì lè mú un sá iye kan náà sẹ́yìn. Nínú géèmù náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ má ka ìyẹn sí ẹ̀ṣọ́ lásán.

Ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Type 10, àmọ́ mo ń tètè kú ṣáá. Kí ni mò ń ṣe tí kò dáa?

Àbúrò, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé o máa ń dúró wo ibi tí ọta rẹ bà. Jẹ́ ká mú máàpù Fulda ní Jámánì, torí òkè kéékèèké pọ̀ níbẹ̀. Òkè kan wà níwájú rẹ, T-72 kan, táǹkì Rọ́ṣíà, sì wà ní ìsàlẹ̀ lódìkejì. Má gun òkè náà tán. Gùn ún díẹ̀díẹ̀ títí awò ọ̀gá táǹkì, tó wà lókè pátápátá, á fi yọ, kí ìbọn ṣì wà nísàlẹ̀. Bọ́ sínú awò náà, tan èyí tó ń rí ooru, kí o wo gbogbo pápá yẹn láti ọ̀tún dé òsì. Ẹ́ńjìnnì T-72 á máa tàn yòò.

O ti rí i. Jẹ́ kí imú táǹkì rẹ tẹ̀ sílẹ̀ kí o tó gùn ún síwájú. Rọra gùn ún, orí nìkan ni kó yọ bí orí ahun. Ta lésà tó ń wọn bí ọ̀tá ṣe jìnnà tó, yìn ín. Kí iná ẹnu ìbọn tó kú, kí ìka rẹ ti tẹ bọ́tìnnì rìfáàsì mọ́lẹ̀. Bí ìbọn T-72 bá fi dáhùn, afẹ́fẹ́ ni yóò bá. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré, ọta rẹ kejì ti wọlé. Tirẹ̀ ń gbà ju mẹ́fà lọ. Bó bá sì fẹ́ sá, bíi kìlómítà mẹ́rin ní wákàtí kan ni rìfáàsì T-72 lè sá. Lójú ibẹ̀ ni wàá ti mọ ìdí tí mo fi fẹ́ràn táǹkì yìí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́ ni pé wọ́n á tún yọ níbi tí wọ́n ti yọ tẹ́lẹ̀. Ọ̀tá ti na ìbọn sí ojú ibẹ̀, ó ń dúró dè ọ́. Ṣí lọ sí ọ̀tún tàbí òsì, ó kéré tán kó jìnnà tó ibi tí ọ̀tá á fi ní láti yí orí táǹkì rẹ̀ kó tó bá ọ. Bí ọ̀tá bá ju méjì lọ, fi ibẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, lọ bá wọn láti ẹ̀gbẹ́. Àwọn àgbà wa ló ní akínkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá, òun ní ń bógun lọ. Ẹni tó ṣe Type 10 gbọ́ ọ̀rọ̀ náà yé.

Báwo ni a ṣe ń mú kí imú táǹkì tẹ̀ sílẹ̀?

Ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ló ń ṣe é. Dípò irin lásán, epo àti gáàsì tí wọ́n há mọ́nú ló gbé táyà irin rẹ̀ dúró, awakọ̀ sì lè fi kún un tàbí kó dín in kù. Type 74 ló kọ́kọ́ ní in láàárín àwọn mẹ́ta yìí, gbogbo táyà rẹ̀ ló sì ń ṣe é, débi pé ó lè tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ti Type 90 jẹ́ àdàlù: táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn ló ń lo epo àti gáàsì, irin ló gbé àwọn ti àárín, nítorí náà síwájú àti sẹ́yìn nìkan ló ń tẹ̀. Gbogbo táyà Type 10, márùn-ún ní ẹ̀gbẹ́ kan, ló tún padà sí epo àti gáàsì.

Nínú géèmù, ẹ lọ sí ibi ètò bọ́tìnnì, ẹ wá apá tó jẹ́ ti táǹkì, ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀kì, kí ẹ sì yan bọ́tìnnì fún imú sísàlẹ̀, imú sókè, ara sókè àti ara sísàlẹ̀. Àìmọye èèyàn ló ti gba Type 90 dé Type 10 tí wọn kò tíì ṣe èyí rí. Wọ́n ń gbá ìdajì táǹkì nìyẹn.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí ẹ bá wà lórí òkè, ẹnu ìbọn á lè wolẹ̀ ju bí ìbọn nìkan ṣe lè ṣe lọ. Táǹkì Rọ́ṣíà kò lè wolẹ̀ púpọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gun òkè tán kí wọ́n tó lè yìnbọn sísàlẹ̀. Ẹ tètè tẹ̀ ẹ́ o. Ó ń gba àkókò díẹ̀ kí táǹkì tó tẹ̀ tán, ẹni tó bá dé orí òkè kó tó rántí á kú síbẹ̀.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ìkì ọta rẹ̀ kì í yí padà?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn orí táǹkì ló ń ki ọta, kì í rẹ̀ ẹ́, kò nílò ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ní táǹkì bíi Abrams ti Amẹ́ríkà tàbí Leopard 2 ti Jámánì, èèyàn ló ń ki ọta. Ẹ ní láti fi owó géèmù kọ́ ẹni náà kó tó yára, bí ọta bá sì pa á nínú ìjà, ìkì ọta á falẹ̀ gidi. Ti Jàpáànù, láti ọjọ́ tí ẹ bá ti gbà á ni ìyára rẹ̀ ti pé.

Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin yìí wà lára ohun tó yẹ kí ẹ máa kà sínú. Ẹ yìn, ẹ padà, ẹ kà á dé mẹ́rin, ẹ jáde. Kò yẹ kí ẹ tún máa wo igun ojú ẹ̀rọ kí ẹ tó mọ̀ pé ọta ti wọlé.

Irin ara rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó lè gba ọta?

Iwájú orí rẹ̀ lè gbà á, ní ẹ̀gbẹ́ ìbọn lọ́tùn-ún àti lósì. Ìdí ìbọn gan-an kò lè gbà á, bẹ́ẹ̀ sì ni ti ọ̀pọ̀ táǹkì òde òní tó wà nínú géèmù náà. Ara ìsàlẹ̀ kò lágbára rárá níwájú àwọn táǹkì tí ẹ máa bá pàdé. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló burú jù: ìbọn aláyárabíàṣá mìlímítà 30 tó wà lórí ọkọ̀ ogun Rọ́ṣíà bíi BMP-2 lè wọlé níbẹ̀, a kò tíì sọ ti táǹkì.

Ohun kejì ni iye èèyàn. Mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: awakọ̀, ẹni tó ń yìnbọn, ọ̀gá táǹkì. Nínú War Thunder, bó bá ku ẹnì kan ṣoṣo, táǹkì ti bàjẹ́ nìyẹn. Abrams lè pàdánù méjì nínú mẹ́rin kó ṣì máa jà. Type 10 pàdánù méjì, ó tán. Ẹni tó ń yìnbọn àti ọ̀gá táǹkì sì jókòó súnmọ́ra nínú orí, tó bẹ́ẹ̀ tí ọta kan tó bá rí ọ̀nà wọlé fi lè mú àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Torí náà, ẹ má fi ara ìsàlẹ̀ han ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ń rí ilẹ̀ iwájú táǹkì yín tó dagun wọlẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀tá, ẹ ti yọ jù. Ẹ padà.

Ọta wo ni kí n gbé, mélòó sì ni?

Type 90 ń lo JM33, ọta gígùn tín-ín-rín tí wọ́n ṣe ní Jàpáànù lábẹ́ àṣẹ àwọn ará Jámánì tó ni DM33. Type 10 náà lè lò ó, àmọ́ ó ní tirẹ̀ tó lágbára jù ú lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní Type 10 APFSDS, tí a kò lè fi sínú ìbọn Type 90. Ẹ tètè gbà á, kí ẹ sì jẹ́ kó jẹ́ òun ló pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ gbé. JM12A1, tó ń bú gbàmù, dáa fún ọkọ̀ tí irin rẹ̀ kò nípọn àti hẹlikọ́pítà tó dúró sójú kan. Bíi mẹ́ta ti tó.

Ní ti iye, ẹ ṣí àwòrán tó ń fi inú táǹkì hàn ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ẹ óò rí i pé apá kan ọta wà lẹ́yìn orí, nínú ẹ̀rọ tó ń kì í, apá kejì wà nísàlẹ̀ nínú ara. Èyí tó wà lẹ́yìn orí kì í sábà pa yín, torí wọ́n ṣe òrùlé ibẹ̀ kó lè já sókè, kí iná gba ibẹ̀ jáde dípò kó wọ ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ló ń pani. Ẹ máa dín iye ọta kù títí tí ìsàlẹ̀ á fi ṣófo pátápátá. Bí ọta bá tán lọ́wọ́ yín, ẹ padà lọ gba òmíràn ní pọ́íǹtì, ìyẹn ibi tí ẹgbẹ́ méjèèjì ń jà lé lórí, tí ẹgbẹ́ yín ti gbà.

Ibo ni kí n yìn lára ọ̀tá?

T-72, T-80 àti T-90: ọta wọn wà ní ìsàlẹ̀ lábẹ́ orí, wọ́n tò ó yí ká. Bí ẹ bá rí ẹ̀gbẹ́ wọn, ẹ yìn ín sí àárín, nísàlẹ̀, orí á fò kúrò lára. Níwájú, ẹ wá irin ìsàlẹ̀ pátápátá tàbí ojú ibi tí awakọ̀ ti ń wòde. Ẹ má fi ọta ṣòfò sí àárín irin iwájú wọn.

Leopard 2: ẹ má yìn ín sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ orí lára àwọn tuntun, ọta kò ní í wọlé. Awakọ̀ rẹ̀ jókòó sí apá ọ̀tún, ọta sì wà ní apá òsì rẹ̀. Bí ó bá dojú kọ yín, apá ọ̀tún tiyín ni ọta yẹn wà. Ẹ yìn ín sí ìsàlẹ̀ níbẹ̀.

Abrams: ọrùn, ibi tí orí ti pàdé ara. Ibi tóóró ni, àmọ́ bí ẹ bá ti ta lésà tí ẹ mọ bó ṣe jìnnà tó, ìbọn Jàpáànù kì í tàsé púpọ̀.

Bí ẹ kò bá rí ibì kankan tó dájú, ẹ yìn ín sí ìdí ìbọn. Ó lè máà kú, àmọ́ kò ní í lè yìnbọn padà títí yóò fi tún un ṣe, ẹ̀yin sì ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin yín.

Kí ni ariwo tí mo máa ń gbọ́ bí ẹnì kan bá ń wò mí?

Ẹ̀rọ tó ń mọ̀ pé wọ́n ta lésà sí yín ni. Type 90 àti Type 10 gidi ní in, ó sì wà nínú géèmù. Bí ó bá ti dún, ẹnì kan ti mọ bí ẹ ṣe jìnnà tó, ọta ti fẹ́ẹ̀ máa bọ̀. Ẹ má wá a kiri. Ẹ kọ́kọ́ padà sẹ́yìn, ẹ ju èéfín bí ẹ bá wà ní gbangba, ẹ wá wo apá ibi tí ó ti wá lẹ́yìn náà.

Ọ̀tá tó ní irú ẹ̀rọ yìí náà á gbọ́ tiyín. Nítorí náà, ẹ ta lésà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì yìn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ń ta lésà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yìn ń kọ lẹ́tà sí ọ̀tá pé òun ń bọ̀.

Bàálù àti hẹlikọ́pítà ń pa mí. Kí ni ṣíṣe?

Ìbọn mìlímítà 12.7 tó wà lórí rẹ̀ lè lé dírónù àti hẹlikọ́pítà tó bá sún mọ́ tòsí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lo abẹ́ igi, ẹ́ má dúró sójú kan, kí ẹ sì fi ọkọ̀ tó ń yìn bàálù kún àwọn tí ẹ tò sílẹ̀ fún ìjà.

Máàpù tó jẹ́ ìlú ńkọ́, níbi tí kò sí òkè?

Níbẹ̀ ni táǹkì yìí ti ń jìyà, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Àwọn tó mọ táǹkì Jámánì àtijọ́ máa ń fi ẹ̀gbẹ́ táǹkì dagun mọ́ ògiri kí ọta lè ta dànù. Ẹ má dán an wò pẹ̀lú Type 10, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò nípọn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má tún jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó wọ àárín ìlú.

Ohun tó máa ń ṣiṣẹ́ fún mi ni pé kí n wá títì gígùn kan tó ṣí sílẹ̀ tààrà dé ọ̀nà tí ọ̀tá gbọ́dọ̀ kọjá, kí n dúró sí igun ilé, kí n jẹ́ kí wọ́n máa kọjá. Rìfáàsì wúlò níbẹ̀ náà. Ìmú ọkọ̀ ọ̀tá yọ ní igun, mo yìn ín, mo ti padà sẹ́yìn ilé. Bí ẹ bá gbọ́ ẹ́ńjìnnì ní títì kejì tí ẹ kò rí nǹkan kan, ẹ má lọ wo ohun tó ń dún. Ẹ fà sẹ́yìn títí ẹ ó fi rí igun méjèèjì, kí òun wá bá yín.

Ní àwọn máàpù kéékèèké, eré yín lè mú yín dé ibi tó dáa kí ọ̀tá tó jáde nílé. Ẹ lò ó ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, torí lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo igun ló ti ní olùṣọ́.

Type 90 ni kí n gbájú mọ́ ni, tàbí kí n sáré dé Type 10?

Ẹ gbá Type 90 dáadáa. Wọ́n fẹ́ẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá: ìbọn mìlímítà 120, ẹ̀rọ tó ń ki ọta kíákíá, awò tó ń rí ooru, èèyàn mẹ́ta. Type 90 fẹ̀ jù ú, ó wúwo jù ú, rìfáàsì rẹ̀ kò sì tó ti Type 10. Ọ̀tá tí ẹ máa bá pàdé nínú rẹ̀ ni kò tíì le tó ti Type 10. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbá níbẹ̀ ti mọ ohun tí Type 10 ń béèrè.

Àwọn kan ń béèrè bóyá kí wọ́n fi owó gidi ra èyí tó wà ní títà nínú wọn kí wọ́n lè fo ìsàlẹ̀. Mo máa ń sọ pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ bí wọn kò bá tíì gbá táǹkì òde òní kankan rí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rà á wọlé ló ń kú lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sì ń jáde kúrò nínú ìjà, tí ẹgbẹ́ wọn á sì ṣẹ́ kù díẹ̀. Ìyẹn ń dùn mí, torí táǹkì tó dáa ni wọ́n ń sọ lórúkọ.

Ibo ni ìlà táǹkì Jàpáànù ti bẹ̀rẹ̀ nínú géèmù náà?

Ó bẹ̀rẹ̀ láti táǹkì kéékèèké ayé Ogun Àgbáyé Kejì, bíi Type 95 Ha-Go. Ìyà pọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni M24 Chaffee àti Sherman tí Amẹ́ríkà fún Jàpáànù lẹ́yìn ogun, bó ṣe rí nínú ìtàn gidi. Lẹ́yìn náà ni Type 61, táǹkì àkọ́kọ́ tí wọ́n fúnra wọn ṣe lẹ́yìn ogun, Type 74 sì tẹ̀ lé e.

Type 74 ni ilé ẹ̀kọ́. Irin rẹ̀ kò tó nǹkan, kì í yára bíi ti Type 10, àmọ́ ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ń ṣe gbogbo ohun tí mo sọ lókè yìí. Bí ẹ bá fi Type 74 kọ́ bí a ṣe ń fi orí nìkan hàn lẹ́yìn òkè, ẹ kò ní í tún un kọ́ mọ́ láéláé. Ní tòsí rẹ̀ ni Type 16 wà, ọkọ̀ onítáyà rọ́bà tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 26 tó sì gbé ìbọn mìlímítà 105. Mo fẹ́ràn láti fi í ṣáájú lọ gba pọ́íǹtì kí n tó fi táǹkì jáde.

Nínú oríṣi ìjà tó wà nínú géèmù, èwo ni kí n yàn, Arcade tàbí Realistic?

Realistic. Ní Arcade, géèmù ń fi àmì hàn yín lórí ọ̀tá, ó ń sọ fún yín bóyá ọta á wọlé, ọ̀tá náà sì ń rí àmì lórí yín. Sísápamọ́ kò já mọ́ nǹkan kan níbẹ̀, Type 10 sì wà fún sísápamọ́.

Ṣé òótọ́ ni gbogbo ohun tí géèmù sọ nípa irin ààbò rẹ̀?

Ìwúwo, ẹ́ńjìnnì, ìbọn, eré: àwọn wọ̀nyẹn wà ní gbangba, wọ́n sì bá táǹkì gidi mu dáadáa. Irin ààbò jẹ́ àṣírí ìjọba Jàpáànù. Kò sí ẹni tó wà lóde tó mọ bó ṣe nípọn tó tàbí ohun tí wọ́n fi ṣe inú rẹ̀. Àwọn tó ṣe géèmù, ìyẹn Gaijin Entertainment, ní láti wo fọ́tò, wọ́n ní láti wo ìwúwo tí wọ́n kéde, kí wọ́n fi ìyẹn díwọ̀n. Ìdí nìyẹn tí àríyànjiyàn lórí ara ìsàlẹ̀ Type 10 kò fi ní í tán láàárín àwa tó fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àríyànjiyàn gbé yín dé ibi tó dé àwọn kan. Ní 2021, ẹnì kan gbé apá kan ìwé àṣírí nípa Challenger 2 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì síta kó lè fi hàn pé géèmù kò ṣe táǹkì náà dáadáa. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ lórí Leclerc ti Faransé. Gaijin kì í lo irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọ́n ń pa á rẹ́ ni, ẹni tó bá sì gbé e síta lè rí ẹ̀wọ̀n he ní orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ohun tí mo rò nípa rẹ̀ kò ju pé kí ìdíwọ̀n náà bọ́gbọ́n mu, kí wọ́n sì máa gbọ́ ti ẹni tó bá mú ẹ̀rí gbangba wá.

Ṣé Type 10 ti jagun rí?

Rárá. Type 74 àti Type 90 náà kò jagun rí. Abala 9 nínú òfin Jàpáànù ti ọdún 1947 kọ ogun sílẹ̀, ààbò ilẹ̀ wọn sì ni iṣẹ́ àwọn ọmọ ogun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1954. Wọn kò ta táǹkì wọ̀nyí fún orílẹ̀-èdè kankan. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024 ni wọ́n fi Type 74 tó kẹ́yìn tì, lẹ́yìn bíi àádọ́ta ọdún, kò sì yìnbọn bínú sí ẹnikẹ́ni rí.

Láti Nàìjíríà, ṣé íńtánẹ́ẹ̀tì wa lè gbá a?

Ó lè gbá a. Kí ẹ tó wọ ìjà, ẹ yan ẹ̀rọ (server) Yúróòpù nìkan, ẹ yọ ti Amẹ́ríkà àti ti Éṣíà kúrò. Láti Èkó sí Yúróòpù, ìdádúró íńtánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń wà ní nǹkan bíi 100 mílísẹ́kọ́ńdì tàbí kó lé díẹ̀, ìyẹn sì tó fún Type 10, torí ẹ̀yin lẹ ń yan ìgbà tí ẹ máa yọ. Ohun tó le ni kí íńtánẹ́ẹ̀tì máa já, tàbí kí iná lọ nígbà tí ẹ wà lórí òkè. Ẹ ṣe àgbàsílẹ̀ géèmù náà lóru bí dátà òru bá wà lórí nọ́ńbà yín, torí ó tóbi.

Níbo ni mo ti lè rí Type 10 gidi?

Ní Asaka, lẹ́bàá Tokyo, ibi ìṣàfihàn kan wà tó jẹ́ ti àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Jàpáànù, wọ́n gbé e síbẹ̀ fún gbogbo èèyàn láti wò. Ìdánrawò ìyìnbọn tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún lẹ́sẹ̀ òkè Fuji ló dùn jù, àmọ́ láti 2023 wọn kò gba ará ìlú láàyè mọ́, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń fi hàn tààrà. Ẹ wo ibi tí Type 10 ti ń sá ní wíríwírí, tó ń yà sọ́tùn-ún sósì, tó sì ń yìnbọn láìdúró. Ẹ má wo táyà rẹ̀, ẹnu ìbọn ni kí ẹ tẹjú mọ́: ara ń mì, ọ̀nà ń yà, ẹnu ìbọn dúró sójú ohun tó ń yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọ géèmù, kí ẹ gbìyànjú rẹ̀ ní pápá ìdánwò kí ẹ tó gbé e lọ sójú ìjà.